Ilẹ̀ Ń Dán, Inú Ń Run: Ìdáhùn Lórí Ewu Oúnjẹ ní Ilé Ìjẹun Kọ́lẹ́jì

Akẹ́kọ̀ọ́ kan tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yàn sínú ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ oúnjẹ ní kọ́lẹ́jì wọn ni ó kọ̀wé ránṣẹ́ sí mi. Ó ní láàárín sáà ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo, ẹ̀ẹ̀mẹta ni inú ti run ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n sì ya ìgbẹ́ gbuuru. Òru ni ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó bì kò tó nǹkan, ibà kò sì mú wọn. Nígbà tí yóò bá fi di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ara ọ̀pọ̀ nínú wọn á ti yá. Oúnjẹ alẹ́ ni gbogbo ènìyàn ń dá lẹ́bi. Àmọ́ gbogbo ìgbà tí ìgbìmọ̀ bá wọ ilé ìdáná lọ, ilẹ̀ tó ń dán ni wọ́n ń bá, pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ tó dé fìlà àti àwo tó mọ́ tónítóní. Ìbéèrè rẹ̀ nìyí: "Ẹ jọ̀wọ́ sà, kí ni a kò rí? Ṣé òótọ́ ni ohun tí ọ̀gá alásè sọ, pé oúnjẹ àná tí a bá ti tún gbé kaná dáadáa kò lè ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan? Báwo ni a ṣe lè dá oúnjẹ tó fa àìsàn mọ̀? Ṣé ó sì léwu kí ènìyàn gbé oúnjẹ alẹ́ lọ sí yàrá rẹ̀ kó tó jẹ ẹ́?"

Ohun tí ẹ kò rí kò sí lórí ilẹ̀. Inú ìkòkò ni ó wà, kì í sì í ṣe àsìkò tí ìgbìmọ̀ yín máa ń wọlé ni ó máa ń ṣẹlẹ̀. Mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún yẹ ilé ìdáná ńlá wò, ohun tí mo sì rí kọ́ ni pé ìdọ̀tí tí ojú rí kì í sábà jẹ́ ohun tó ń dá ọgọ́rùn-ún ènìyàn dùbúlẹ̀ lóru ọjọ́ kan. Wákàtí tí oúnjẹ lò lẹ́yìn tó jinná, àti bí ó ṣe gbóná tàbí tutù tó ní gbogbo wákàtí náà, ni ó máa ń ṣe é. Ẹ má ṣì mí gbọ́ o: ilẹ̀ tó dọ̀tí ń pe eku àti aáyán wọlé, kò sì yẹ kí a fojú fò ó. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni lè fọ ilẹ̀ ní ìdajì wákàtí kí àlejò tó dé. Ìkòkò tó ti ń tutù díẹ̀díẹ̀ láti àná kò ṣeé fọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí ilé ìdáná kọ́lẹ́jì ti yàtọ̀ sí ti inú ilé. Ẹni tó ń se oúnjẹ fún ènìyàn mẹ́rin, bí ó bá ṣe ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ni wọ́n ń bù ú jẹ. Àwọn tó ń jẹun ní kọ́lẹ́jì lè tó ẹgbẹ̀rún, wọn kì í sì í dé lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí pé bí kíláàsì kan ṣe ń jáde ni òmíràn ń wọlé. Nítorí náà alásè gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ láti òwúrọ̀ kùtùkùtù, nígbà mìíràn láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, débi pé oúnjẹ tó jinná ní agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ lè máà dé ẹnu ẹni tó jẹ ẹ́ kẹ́yìn títí di agogo mẹ́ta ọ̀sán. Inú wákàtí mẹ́fà yẹn ni ewu fara pamọ́ sí. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìkòkò kan náà ni gbogbo wọn ń bù jẹ, àrùn tó ń ṣe Àbọ́yadé sì ni, gbogbo ọlọ́ya ni yóò ṣe.

Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ààlà sí i báyìí: oúnjẹ tí a óò jẹ ní gbígbóná kò gbọ̀dọ̀ tutù ju 60°C lọ, èyí tí a fẹ́ fi pamọ́ sì gbọ́dọ̀ wà ní ìsàlẹ̀ 5°C. Láàárín ààlà méjèèjì ni ọ̀pọ̀ jù lọ kòkòrò àrùn ti ń bí sí i. Nínú òtútù, wọn kì í kú, oorun ni wọ́n ń sùn. Ní òkè 60°C, wọn kò lè bí sí i, púpọ̀ nínú wọn sì máa ń kú. Oúnjẹ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí ọwọ́ lè gbà, tí ẹnu sì ń gbádùn, gan-an ni ó tù wọ́n lára jù.

Bí ẹ ṣe ṣàpèjúwe àìsàn náà, kòkòrò kan ni ó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn, orúkọ rẹ̀ ni Clostridium perfringens. Àwọn onímọ̀ kan máa ń pè é ní kòkòrò ilé ìjẹun, orúkọ náà sì bá a mu. Inú erùpẹ̀ àti inú ìfun ènìyàn àti ẹranko ni ó ń gbé, nítorí náà a kò lè sọ pé a kò ní rí i lára ẹran tútù tàbí àwọn èròjà ọbẹ̀. Ó lè sọ ara rẹ̀ di hóró tó ní èèpo líle, omi híhó kò sì ní pa hóró náà. Síse oúnjẹ tilẹ̀ ṣe é lóore: iná pa àwọn kòkòrò mìíràn tí ìbá bá a du oúnjẹ, ó sì lé atẹ́gùn tí kò fẹ́ràn jáde kúrò nínú ọbẹ̀. Nígbà tí a bá wá gbé ìkòkò ńlá náà kalẹ̀, tí ó ń tutù pẹ̀sẹ̀pẹ̀sẹ̀, hóró náà á là. Láàárín 43°C sí 47°C ni ara rẹ̀ yá jù, níbi tí ẹyọ kan ti lè di méjì ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ fi ìṣirò bá mi lọ: bí ẹyọ kan bá ń di méjì ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, ní wákàtí mẹ́ta yóò ti ju 260,000 lọ. Oúnjẹ náà kò ní kan, kò ní yọ òórùn, adùn rẹ̀ kò sì ní yí padà.

Ẹni tó bá jẹ ẹ́ kò ní mọ nǹkan kan fún wákàtí mẹ́fà sí mẹ́rìnlélógún. Lẹ́yìn náà ni inú yóò bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ ọ, ìgbẹ́ gbuuru yóò sì tẹ̀ lé e. Èébì àti ibà kò wọ́pọ̀ nínú rẹ̀, kì í sì í sábà kọjá ọjọ́ kan. Ẹ rí i pé ó bá ohun tí ẹ kọ mu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àyẹ̀wò nìkan ni ó lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ẹ sì tún wo èyí: bí inú bá bẹ̀rẹ̀ sí í run ènìyàn ní agogo méjì òru, oúnjẹ tó jẹ ní agogo kan ọ̀sán ti lo wákàtí mẹ́tàlá nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó jẹ ní agogo mẹ́jọ alẹ́ kò tíì lò ju mẹ́fà lọ. Ó ṣeé ṣe kí ẹ ti máa bá oúnjẹ alẹ́ jà láti ọjọ́ yìí, kí ó sì jẹ́ pé ìkòkò ọ̀sán ni ó jẹ̀bi.

Nítorí náà, bí ìgbìmọ̀ yín bá fẹ́ béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo lọ́wọ́ ọ̀gá alásè, ẹ bi í bí ó ṣe ń mú ìkòkò ńlá tutù. Mo rántí ilé ìdáná kan tí n kò ní dárúkọ, tí wọ́n fi ìgbéraga ṣí yàrá òtútù wọn fún mi wò ní àárọ̀ ọjọ́ kan. Ìkòkò ẹran àti ọbẹ̀ tó ga dé ìbàdí mi wà níbẹ̀, wọ́n ti gbé e síbẹ̀ láti agogo mẹ́sàn-án alẹ́, ìdérí rẹ̀ sì tutù nini. Mo ki tẹmómítà bọ àárín rẹ̀, ó ka 34°C. Yàrá náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa o, ọbẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ìkòkò tutù dáadáa pẹ̀lú, ṣùgbọ́n òtútù kò ráyè dé àárín. Gbogbo òru ni àárín ìkòkò náà fi wà ní ibi tí kòkòrò ń fẹ́. Irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ tún máa ń mú kí ohun tó yí i ká nínú fíríìjì móoru, a sì wá di pé ẹyọ kan ba mẹ́wàá jẹ́.

Ìlànà tí àwòkọ́ṣe òfin oúnjẹ ti Amẹ́ríkà fi lélẹ̀ dára fún ẹnikẹ́ni níbikíbi: kí oúnjẹ tó jinná kúrò ní 57°C dé 21°C láàárín wákàtí méjì, kí ó sì dé 5°C kí wákàtí mẹ́fà tó pé láti ìbẹ̀rẹ̀. Wákàtí méjì àkọ́kọ́ ni wọ́n le mọ́ jù, nítorí pé ibẹ̀ ni kòkòrò ti ń sáré bí. Bí a ṣe ń ṣe é kò nílò ẹ̀rọ olówó ńlá. A ó bu oúnjẹ náà sínú àwọn àwo fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò jìn. Oúnjẹ tó ki kò gbọ́dọ̀ ga ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà márùn-ún lọ nínú àwo. A ó gé ẹran ńlá sí wẹ́wẹ́. Èyí tó bá jẹ́ olómi, a lè gbé ìkòkò rẹ̀ sínú omi yìnyín kí a máa rò ó. Kí a má ṣe dé e pinpin títí yóò fi tutù, kí a má sì to àwo lé ara wọn lórí nínú fíríìjì, kí atẹ́gùn tútù lè ráyè kọjá. Èyí tó dára jù lọ lójú tèmi ni kí wọ́n má tilẹ̀ se ìkòkò kan gbàǹgbà fún gbogbo ọjọ́. Kí wọ́n máa sè é díẹ̀díẹ̀, ní ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin, bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń dé. Àwọn alásè kì í fẹ́ gbọ́ èyí, nítorí ó ń fi iṣẹ́ kún iṣẹ́, mi ò sì bá wọn wí. Ṣùgbọ́n oúnjẹ tí kò ṣẹ́kù kò nílò kí a máa mú un tutù.

Ọ̀rọ̀ ọ̀gá alásè, pé oúnjẹ tí a bá ti tún gbé kaná dáadáa kò léwu mọ́, ìdajì òtítọ́ ni. Bí ó bá jẹ́ kòkòrò tí mo sọ lókè yìí ni, òótọ́ ló sọ: bí gbogbo inú oúnjẹ náà bá dé 74°C, àwọn tó ti là yóò kú. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí a pa kòkòrò, ọ̀tọ̀ ni kí a mú oró tó ti tu sínú oúnjẹ kúrò. Ẹni tí ejò ti bù jẹ, bó bá pa ejò náà, oró kò tíì kúrò lára rẹ̀. Ìrẹsì ni àpẹẹrẹ tó yẹ kí gbogbo ilé ìjẹun mọ̀. Kòkòrò kan tí ń jẹ́ Bacillus cereus máa ń wà lára ìrẹsì gbígbẹ gẹ́gẹ́ bíi hóró, síse kì í sì í pa hóró náà. Bí ìrẹsì tó jinná bá wà nílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí láìtutù, kòkòrò náà á là, á sì tu oró kan tó ń mú ènìyàn bì láàárín ìdajì wákàtí sí wákàtí mẹ́fà. Oró náà le dé ibi pé àwọn onímọ̀ ti gbé e sí ìgbóná tó ju 120°C lọ fún wákàtí kan àtààbọ̀, kò bàjẹ́. Kò sí iná ìdáná tó lè gba ìrẹsì bẹ́ẹ̀ là. Dídà á nù ni.

Àṣìṣe mìíràn wà nínú títún oúnjẹ gbé kaná tí mo máa ń rí níbi púpọ̀. Tábìlì onígbóná tí wọ́n ń to oúnjẹ sí níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣe ohun ìdáná. Wọ́n ṣe é láti mú kí ohun tó ti gbóná wà ní gbígbóná ni. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ àná láti inú fíríìjì lé e tààrà, yóò máa lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún wákàtí mẹ́ta kó tó gbóná, bí yóò bá tilẹ̀ gbóná rárá. Orí iná gidi ni kí wọ́n ti gbé e dé 74°C, kí ó má sì ju wákàtí méjì lọ, kí wọ́n tó gbé e síta. Èyí tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn ìgbà kejì yìí, kí wọ́n má tún fi pamọ́ mọ́.

Gbogbo nọ́ńbà tí mo ń kà yìí kò wúlò fún ilé ìdáná tí kò ní tẹmómítà, ó sì máa ń yà mí lẹ́nu bí àwọn ilé tó ń bọ́ ẹgbẹ̀rún ènìyàn ṣe máa ń ra ẹ̀rọ ńláńlá tí wọ́n á sì gbàgbé èyí. Ooru tó ń rú kì í ṣe ẹ̀rí pé oúnjẹ gbóná tó, bẹ́ẹ̀ ni àwọ̀ ẹran kì í ṣe ẹ̀rí pé ó jinná. Èyí tó ní abẹ́rẹ́ gígùn ni kí wọ́n lò, kí wọ́n ki i bọ ibi tó nípọn jù lára adìẹ láìkan egungun, kí ó sì ka 74°C. Láti mọ̀ bóyá tẹmómítà ń sọ òótọ́, kí wọ́n ki abẹ́rẹ́ rẹ̀ bọ ife tó kún fún yìnyín wẹ́wẹ́ àti omi díẹ̀. Bí kò bá ka òdo tàbí ibi tó sún mọ́ ọn gan-an, irọ́ ló ń pa. Kí wọ́n sì máa nù ún pẹ̀lú ohun apakòkòrò láàárín ìkòkò kan sí òmíràn, nítorí pé mo ti rí ẹni tó fà á yọ lára adìẹ tí kò tíì jinná tó sì tì í bọ inú ìrẹsì.

Nísinsìnyí, ọwọ́. Nǹkan bí ènìyàn mẹ́ta nínú mẹ́wàá ni kòkòrò kan tí ń jẹ́ Staphylococcus aureus ń gbé inú imú wọn láìṣe wọ́n ní nǹkan kan; ó sì máa ń pọ̀ nínú eéwo àti ọgbẹ́ tó ń ṣe ọyún. Bí òṣìṣẹ́ bá fọwọ́ kan imú, tó sì fi ọwọ́ náà já ẹran tó ti jinná tàbí to saláàdì, tí oúnjẹ náà sì wà nílẹ̀ nínú ooru, kòkòrò yìí náà á tu oró tí iná kì í mú kúrò. Èébì ni ó fi ń bẹ̀rẹ̀, ó sì ń yá, láti ìdajì wákàtí sí wákàtí mẹ́jọ. Ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn ni ìdáhùn, fún ogún ìṣẹ́jú àáyá ó kéré tán, kí a sì fi ohun tó gbẹ nu ọwọ́, kì í ṣe ara épírọ̀ọ̀nù. Ìbọ̀wọ́ dára, ṣùgbọ́n mo ti rí i tó ṣe ibi ju ire lọ, nítorí ẹni tó wọ̀ ọ́ á rò pé ọwọ́ òun mọ́, á fi gba owó, á fi ṣílẹ̀kùn, á sì fi pín búrẹ́dì.

Kòkòrò àrùn tí ń jẹ́ norovirus ni ó yẹ kí ẹ bẹ̀rù jù ní ibi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń gbé pọ̀ nínú yàrá, nítorí pé ìwọ̀nba díẹ̀ nínú rẹ̀ ti tó láti dá ènìyàn dùbúlẹ̀, àti pé òògùn ìfọwọ́ tí wọ́n fi ọtí líle ṣe kì í fi bẹ́ẹ̀ ràn án. Láàárín wákàtí méjìlá sí méjìdínláàádọ́ta ni ó máa ń fara hàn, pẹ̀lú èébì tó le. Òṣìṣẹ́ tó bá ní i gbọ́dọ̀ jìnnà sí oúnjẹ títí wákàtí méjìdínláàádọ́ta yóò fi kọjá lẹ́yìn tí èébì àti ìgbẹ́ gbuuru ti dáwọ́ dúró, nítorí ó ṣì ń jáde lára rẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ bá ti yá.

Ibí yìí ni mo fẹ́ sọ ohun kan tí kì í sábà sí nínú ìwé àyẹ̀wò. Ẹ béèrè bóyá òṣìṣẹ́ tó bá sọ pé inú ń run òun máa ń gba owó iṣẹ́ rẹ̀ ọjọ́ náà. Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ má retí pé ẹnikẹ́ni yóò sọ. Mary Mallon, alásè tí gbogbo ayé mọ ìtàn rẹ̀, ní kòkòrò ibà jẹ̀funjẹ̀fun (táífọ́ọ̀dù) lára láìṣàìsàn. Ní ọdún 1907 ni ìjọba ìlú New York fi í sí àhámọ́. Nígbà tí wọ́n tú u sílẹ̀ ní 1910, ó ṣèlérí pé òun kò ní ṣe iṣẹ́ alásè mọ́, ó sì ń fọṣọ fún àwọn ènìyàn. Owó aṣọ fífọ̀ kò tó ti ìdáná. Ní 1915, wọ́n bá a ní ilé ìwòsàn aláboyún kan tó ti ń se oúnjẹ pẹ̀lú orúkọ mìíràn, ènìyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ti kó àrùn náà, méjì sì kú. Àhámọ́ ni ó padà sí títí ó fi kú ní 1938. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sọ ìtàn yìí bí ẹni pé ìwà burúkú obìnrin kan ni. Èmi máa ń wo ti owó iṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀.

Àwọn ìyókù, n kò ní pẹ́ lórí wọn, nítorí pé ọ̀pọ̀ ilé ìdáná ti mọ̀ wọ́n. Ẹran tútù gbọ́dọ̀ ní pátákó àti ọ̀bẹ tirẹ̀, kí ó sì wà ní pẹpẹ ìsàlẹ̀ pátápátá nínú fíríìjì kí omi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ má baà kán sórí ohun tí a ó jẹ láìsè. Adìẹ tútù kò nílò fífọ̀. Omi tó ń ta sókè ni ó ń gbé àwọn kòkòrò àrùn tí ń jẹ́ Campylobacter àti Salmonella lọ sára gbogbo ohun tó wà nítòsí, iná ni yóò sì pa wọ́n lára adìẹ náà. Akísà tútù kan tí wọ́n fi ń nu tábìlì láti àárọ̀ di alẹ́ máa ń ní kòkòrò ju tábìlì tí wọ́n ń fi í nù lọ. Omi apakòkòrò oní-kúlórínì kì í ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rá, nítorí náà ọṣẹ ni kí ó kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà ni omi apakòkòrò, kí àwo sì gbẹ fúnra rẹ̀.

Ní ti bí ẹ ṣe lè dá oúnjẹ tó fa àìsàn mọ̀, ẹ má bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tí ara wọn kò yá nìkan. Àṣìṣe tí gbogbo ènìyàn ń ṣe nìyẹn. Bí gbogbo aláìsàn bá sọ pé àwọn jẹ ìrẹsì, ìyẹn kò tíì sọ nǹkan kan, nítorí ó lè jẹ́ pé gbogbo ẹni tí ara rẹ̀ le náà jẹ ẹ́. Ẹ kọ orúkọ àwọn méjèèjì sílẹ̀, ohun tí olúkúlùkù jẹ láti ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, wákàtí tó jẹ ẹ́, àti wákàtí tí àìsàn bẹ̀rẹ̀. Ká sọ pé nínú ọgọ́ta tó jẹ ẹran, ogójì ṣàìsàn, ṣùgbọ́n nínú àádọ́ta tí kò jẹ ẹran, mẹ́ta péré ni; ẹ ti ní ibi tí ẹ ó dojú kọ. Wákàtí tó wà láàárín jíjẹ àti àìsàn ni yóò tún sọ fún yín irú kòkòrò tí ẹ ó máa wá. Ti èébì òjijì láàárín wákàtí díẹ̀, oró ni. Ti Salmonella lè gba wákàtí mẹ́fà títí di ọjọ́ mẹ́fà. Ti Campylobacter máa ń tó ọjọ́ méjì sí márùn-ún. Fún èyí, ẹ gba ilé ìdáná níyànjú láti máa fi ìwọ̀nba díẹ̀ nínú oúnjẹ kọ̀ọ̀kan sínú ike mímọ́, kí wọ́n kọ ọjọ́ àti wákàtí sí i, kí ó sì wà nínú fíríìjì fún ọjọ́ mẹ́ta. Láìsí i, ẹnu lásán ni gbogbo ẹ̀sùn yóò jẹ́. Kí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera sì gba ìgbẹ́ àwọn aláìsàn fún àyẹ̀wò ní ọjọ́ kìíní, kí wọ́n tó lo oògùn.

Ẹni tí ìgbẹ́ rẹ̀ bá ní ẹ̀jẹ̀ nínú, tí ara rẹ̀ gbóná kọjá 38.9°C, tí kò lè gba omi dúró nínú, tí ìtọ̀ rẹ̀ dín kù tí òòyì sì ń kọ́ ọ, tàbí tí ìgbẹ́ gbuuru rẹ̀ kọjá ọjọ́ mẹ́ta, ọ̀dọ̀ dókítà ni kó lọ. Kí ó má dúró de àbájáde ìwádìí yín.

Nígbà tí ẹ bá tún fẹ́ yẹ ilé ìdáná wò, ẹ má lọ ní agogo méjìlá ọ̀sán tí gbogbo nǹkan ń rú túútúú. Ẹ lọ ní wákàtí kan lẹ́yìn tí oúnjẹ ọ̀sán parí, kí ẹ wo ibi tí ìkòkò tó ṣẹ́kù ń lọ. Ẹ tún lọ ní àárọ̀ kùtùkùtù, kí ẹ ní kí wọ́n ki tẹmómítà bọ àárín ohun tó sun inú fíríìjì. Ẹ béèrè fún ìwé tí wọ́n ń kọ ìwọ̀n ìgbóná sí. Bí gbogbo nọ́ńbà inú rẹ̀ bá jẹ́ ọ̀kan náà láti oṣù méjì sẹ́yìn, tí wọ́n sì fi yíǹkì kan náà kọ ọ́, ẹ mọ̀ pé orí àga ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n. Ẹ má bá àwọn alásè sọ̀rọ̀ bí ọlọ́pàá. Púpọ̀ nínú wọn mọ ibi tí bàtà ti ń ta wọ́n lẹ́sẹ̀, wọ́n lè sọ fún yín pé fíríìjì kéré tàbí pé ènìyàn méjì ni ó ń ṣe iṣẹ́ ẹni mẹ́fà, ohun tí wọn kò sì lè gbà lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ, ìgbìmọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ lè bá wọn gbà á.

Ìbéèrè yín tó kẹ́yìn ni ti oúnjẹ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé lọ sí yàrá. Kò sí ewu nínú gbígbé e lọ fúnra rẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n bá ti bù ú fún un ni kí ó máa ka wákàtí méjì, bí yàrá bá sì gbóná ju 32°C lọ, wákàtí kan péré. Bí ó bá mọ̀ pé òun kò ní jẹ ẹ́ títí àsìkò náà yóò fi pé, tí kò sì ní fíríìjì, kí ó ní kí wọ́n bu ìwọ̀n tí òun lè jẹ tán lójú ẹsẹ̀ fún òun, kí ó sì fi èso tàbí bisikíìtì tó wà nínú ọ̀rá rẹ̀ sílẹ̀ de ebi òru.